Àkọ̀ Ìbọn Ológun Àtijọ́: Bí A Ti Ń Mọ Ojúlówó Yàtọ̀ sí Ayédèrú

Nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí, òwò kan tí kò wọ́pọ̀ láàárín wa la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Òwò náà ni ti àkọ̀ ìbọn ìléwọ́ àtijọ́, èyí tí a fi awọ rán fún àwọn ọmọ ogun láyé ọjọ́un, tí àwọn kan sì ń wá kiri báyìí láti rà á, kí wọ́n kó o jọ pamọ́. Ẹlòmíràn á ní, "Kí ni ti àkọ̀ lásán tí kò sí ìbọn nínú rẹ̀? Ṣé ó ṣe é jẹ ni, àbí ó ṣe é wọ̀?" Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjà gidi ni. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé lọ́hùn-ún lè bá a pàdé ní ọjà àlòkù tí wọ́n ń ná ní òpin ọ̀sẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago àtijọ́ àti àwo àtijọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rà ń jèrè níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ra ohun tí wọ́n rán lánàá, tí wọ́n fi ẹrẹ̀ pa lára, á sì san owó ọgọ́rin ọdún lé e lórí.

Kí ó tó yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun náà gan-an tí à ń rà. Kì í ṣe awọ. Awọ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ni à ń rà: ẹ̀rí pé ilé iṣẹ́ báyìí ló rán àkọ̀ yìí, ní ọdún báyìí, pé ṣọ́jà kan gbé e kọ́ ìgbànú rẹ̀, pé òjò pa á, oòrùn pa á, ó sì tún délé. Bí ẹ̀rí yẹn bá bàjẹ́, yálà nípa irọ́ òǹtajà tàbí nípa ìtọ́jú òdì tí ẹni tó ni ín ṣe fún un, awọ lásán ló kù lọ́wọ́ olúwa rẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ohun tí a ó sọ dúró lé.

ÀPẸẸRẸ KAN TÍ Ó GBAJÚMỌ̀

Oríṣiríṣi àkọ̀ ló wà. Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn fún ìbọn Webley, Jámánì ní tiwọn fún Luger. Kí ọ̀rọ̀ má baà pọ̀ jù, ẹyọ kan la ó mú, èyí tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń pè ní M1916. Ohun tí a bá sọ nípa rẹ̀, ẹ lè lò ó fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù.

Ní ọdún 1911 ni ìjọba Amẹ́ríkà gba ìbọn ìléwọ́ kan tí ọ̀gbẹ́ni John Browning ṣe, wọ́n sì pè é ní M1911. Ìbọn gbọ́dọ̀ ní àkọ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún un ní 1912 gùn, ó sì ní irin kan lókè tó ń jẹ́ kó máa yí síwá sẹ́yìn, nítorí àwọn ẹlẹ́ṣin. Ẹni tó jókòó lórí ẹṣin kò fẹ́ kí àkọ̀ máa gún òun níkùn. Ṣùgbọ́n ogun ń yí padà. Ẹsẹ̀ ni àwọn tó pọ̀ jù fi ń rìn lọ jà, kì í ṣe ẹṣin. Ní 1916 wọ́n wá ṣe èyí tó rọrùn jù, tí kò ní irin tó ń yí mọ́. Òun ni M1916.

Bí ó ti rí nìyí. Awọ màlúù tó nípọn ni. Wọ́n ká a po, wọ́n rán etí rẹ̀ pọ̀, ó wá dà bí àpò tóóró. Ìdérí ńlá kan bo ẹnu rẹ̀ kí òjò àti ẹrẹ̀ má baà dé ibi ìbọn. Ìdérí náà ní ojú tí wọ́n là sí i, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ kókó idẹ kékeré kan lára àpò náà. Lójú ìdérí yìí ni wọ́n tẹ lẹ́tà méjì sí, U àti S, àmì ìlà róbótó bí ẹyin adìyẹ sì yí wọn ká. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkọ́ wà, tí wọ́n fi ń há a mọ́ ihò ìgbànú olówùú tí àwọn ọmọ ogun ń dì. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, okùn awọ kan wà tí ṣọ́jà lè fi dì í mọ́ itan, kí ó má baà máa lù ú lẹ́sẹ̀ nígbà tó bá ń sáré.

Àkọ̀ yìí rí ayé o. Amẹ́ríkà wọ ogun àgbáyé kìíní ní oṣù kẹrin ọdún 1917, àkọ̀ yìí bá wọn lọ. Ó lọ sí ogun àgbáyé kejì, ó lọ sí ogun Korea láti 1950 sí 1953, ó dé Vietnam. Ọdún 1985 ni wọ́n mú ìbọn mìíràn, M9 ti ilé iṣẹ́ Beretta, dípò M1911. Àkọ̀ tó bá ìbọn tuntun yẹn wá, M12, kì í ṣe awọ mọ́, ọ̀rá nylon ni. Bí awọ ṣe fi ipò sílẹ̀ fún nylon nìyẹn. Ohun tí ìjọba kò bá ṣe mọ́ kì í pọ̀ sí i. Dídínkù ló ń dín kù, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wá a fi ń pọ̀.

ÒǸTẸ̀ ARA RẸ̀

Ojúlówó M1916 ní òǹtẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ tàbí lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Nígbà ogun kìíní, ilé iṣẹ́ ìjọba kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rock Island Arsenal ṣe púpọ̀ nínú wọn. Erékùṣù kan láàárín odò Mississippi ni ilé iṣẹ́ náà wà, ní ìpínlẹ̀ Illinois, wọ́n sì ní ilé ìkóhun-àtijọ́-sí níbẹ̀ tí wọ́n ti ṣí láti 1905. Wọ́n máa ń tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ náà àti ọdún sí ara àkọ̀, ẹni tó yẹ iṣẹ́ wò á sì tẹ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ tirẹ̀ sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni náà ṣe é, bíi Graton & Knight ní ìlú Worcester, ní Massachusetts.

Nígbà tí ogun kejì dé, ìjọba pín iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ awọ: Boyt ní Iowa, Enger-Kress ní Wisconsin, Milwaukee Saddlery, Sears Saddlery, Textan ní ìlú Yoakum ní Texas, àti àwọn mìíràn. Púpọ̀ nínú wọn ló ń rán gàárì àti ìjánu ẹṣin kí ogun tó dé. Òmíràn nínú wọn kò kọ ọdún tán, wọ́n á kàn tẹ 42 tàbí 43 sí i, ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé 1942 tàbí 1943 ni.

Ẹ gbọ́ o, òǹtẹ̀ nìkan kò tó. Òǹtẹ̀ rọrùn láti ṣe. Alágbẹ̀dẹ tó bá mọṣẹ́ lè gbẹ́ ẹ láàárín ọjọ́ kan. Ohun tí òǹtẹ̀ wúlò fún ni pé kí a mú un, kí a fi wé gbogbo ara àkọ̀ náà yòókù. Bí òǹtẹ̀ bá ní 1918, tí a sì rí i pé òwú nylon ni wọ́n fi rán an, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ọdún 1935 ni ilé iṣẹ́ DuPont tó kọ́kọ́ ṣe nylon ní Amẹ́ríkà. Ta ló wá fi í rán àkọ̀ ní 1918? Bóyá ẹnì kan tún un rán nígbà tó yá, bóyá gbogbo rẹ̀ pátá ni ayédèrú, ṣùgbọ́n kò rí bí òǹtẹ̀ ti wí.

Ọ̀RỌ̀ ÀWỌ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi rà ni ọ̀rọ̀ àwọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, búráùn tó pọ́n díẹ̀ bí obì ni àkọ̀ M1916. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba Amẹ́ríkà pinnu pé kí bàtà, ìgbànú àti àkọ̀ àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ di dúdú. Wọn ò kó àwọn ti tẹ́lẹ̀ dànù. Wọ́n pa wọ́n láró. Nítorí náà, ẹ lè rí àkọ̀ tí òǹtẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1942, tó sì dúdú kirikiri. Ẹ má yára pè é ní ayédèrú. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀ àti ojú ìrán rẹ̀. Ẹ lè rí búráùn àtijọ́ tó ń yọjú lábẹ́ dúdú.

Ní ọjà, ọ̀pọ̀ olùrà fẹ́ràn èyí tó ṣì wà ní búráùn. Èyí ló fà á tí àwọn kan fi ń wá ọgbọ́n láti bó aró dúdú náà kúrò, tí wọ́n á sì fi ìpara búráùn pa á. Ohun tí wọ́n ń ṣe yìí burú lọ́nà méjì. Èkíní, omi tí wọ́n fi ń bó aró máa ń gbẹ òróró inú awọ, awọ á sì máa sán. Èkejì, wọ́n ti pa ìtàn rẹ̀ run. Àkọ̀ tí ìjọba pa láró jẹ́rìí pé òun la ogun kejì kọjá, òun sì tún ṣiṣẹ́ síwájú sí i. Ìyẹn gan-an jẹ́ ohun iyì.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: àyípadà tí ọmọ ogun ṣe sí i nígbà tó ń lò ó, ìtàn ni. Èyí tí òǹtajà ṣe sí i kí ó baà lè wọ́n, irọ́ ni. Ọwọ́ kan náà ló ṣe é, aró lè jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà.

BÍ A TI Ń YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Kí gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n ń ṣe M1916 tuntun títí di òní, kò sì lòdì sí òfin. Àwọn tó ń ṣe sinimá ń lò ó, àwọn tó ń ṣe eré ogun àtijọ́ náà ń lò ó. Wọ́n tilẹ̀ ń tẹ orúkọ Boyt àti 42 sí i. Ẹni tó bá tà á bí tuntun kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó gbé e lọ fi sáńpépà ha, tó rì í mọ́ ẹrẹ̀, tó sá a sí oòrùn, tó wá ń sọ pé bàbá bàbá òun ló gbé e bọ̀ láti ojú ogun, òun ni kí a ṣọ́ra fún. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ohun tí ẹ ó wò nìyí:

1. Ẹ kọ́kọ́ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn àkọ̀ ló ń fara nù itan ṣọ́jà lójoojúmọ́, nítorí náà á máa dán. Iwájú rẹ̀ ló ń kọ lu igi, òkúta àti ilẹ̀kùn ọkọ̀, nítorí náà á ní họ́họ́. Ayédèrú máa ń gbó bákan náà níbi gbogbo, torí pé sáńpépà kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn.

2. Ẹ wo ibi tí ìdérí ti ń ká. Ohun tí wọ́n ṣí tí wọ́n sì dé fún ọ̀pọ̀ ọdún á ní ìlà kéékèèké níbẹ̀. Ojú tí wọ́n là á fún kókó idẹ á ti fẹ̀, idẹ náà á sì ti jẹ níbi tí awọ ti ń gba orí rẹ̀ kọjá. Bí awọ bá gbó tí idẹ kò gbó, ẹ béèrè ìdí.

3. Ẹ wo àmì ìbọn lára rẹ̀. Awọ tí wọ́n fi omi èèpo igi ṣe máa ń gba ìrísí ohun tó bá pẹ́ nínú rẹ̀, bí bàtà ṣe ń gba ìrísí ẹsẹ̀. Àkọ̀ tó gbé ìbọn fún ọdún púpọ̀ á fi ibi tí ìdí ìbọn wà hàn, á fi ibi tí irin ti yọ hàn. Èyí tí kò ní àmì kankan, tó sì gbó burúkú lóde, ìwà rẹ̀ kò jọra.

4. Ẹ mú dígí tó ń mú nǹkan tóbi lójú, kí ẹ fi wo òwú. Òwú àtijọ́ á ti rì sínú awọ, á sì ti ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ìdọ̀tí awọ náà. Bí ẹ bá rí ihò àtijọ́ tí òwú kò gbà kọjá mọ́, ẹnì kan ti tún un rán. Iná tí àwọn oníṣòwò fi ń mọ ayédèrú owó tún wúlò níbí. Púpọ̀ nínú òwú ìgbàlódé máa ń tàn lábẹ́ rẹ̀ bí aṣọ funfun tí a fi ọṣẹ ìgbàlódé fọ̀.

5. Ẹ padà sórí òǹtẹ̀. Bí awọ tó yí òǹtẹ̀ ká bá ti sán, tí ó sì ti họ, òǹtẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti bá a jìyà. Bí àwọn lẹ́tà bá mú ṣáṣá láàárín awọ tó ti gbó, ẹ̀yìn tí awọ gbó ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

6. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Àkọ̀ àtijọ́ ń rùn bí awọ, bí òróró ìbọn, bí inú àpótí tó ti pẹ́. Bí ó bá ń rùn bí ọ̀dà tàbí aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, iṣẹ́ ọwọ́ tuntun wà níbẹ̀.

Ẹ má fi àmì ẹyọ kan ṣoṣo dájọ́. Ìgbà tí mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá sọ ohun kan náà ni kí ẹ gbà á.

ORÚKỌ ṢỌ́JÀ ÀTI ÌTÀN ẸNU

Ohun tó ń gbówó lórí àkọ̀ jù ni orúkọ. Bí orúkọ ṣọ́jà kan bá wà nínú rẹ̀, tí a kọ pẹ̀lú yíǹkì, tí ìwé iṣẹ́ ogun rẹ̀ àti fọ́tò rẹ̀ sì bá a wá, àkọ̀ náà ti kúrò ní ẹgbẹ́ àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n nítorí pé orúkọ ń gbówó lórí, orúkọ náà ni wọ́n ń parọ́ mọ́ jù. Yíǹkì kò wọ́n. Nítorí náà, ẹ má sanwó fún ìtàn ẹnu. Ẹ sanwó fún àkọ̀ tí ẹ rí, kí ẹ sì sanwó fún ìwé tí ẹ rí.

Ìtàn ẹnu náà ṣe é yẹ̀ wò. Ìbọn ìléwọ́ kì í ṣe ti gbogbo ṣọ́jà. Ìbọn gígùn ni wọ́n ń fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀gá ni wọ́n sábà máa ń fún ní ìléwọ́, àti àwọn tí iṣẹ́ wọn kò gba ìbọn gígùn. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan tó kàn wá. Àwọn bàbá wa kan lọ jagun ní Burma, nínú ẹgbẹ́ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 81 àti 82. Lákòókò yẹn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní ẹrù ogun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1937, èyí tí wọ́n fi òwú híhun ṣe dípò awọ, àkọ̀ ìbọn sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá mú àkọ̀ awọ wá, tó ní ti bàbá òun tó jẹ́ ṣọ́jà kékeré ní Burma ni, a ò ní pè é ní òpùrọ́. Ó lè jẹ́ pé ọ̀gá kan ló fún un, ó sì lè jẹ́ pé ó rí i he. Ṣùgbọ́n a ó fi sùúrù béèrè bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, a ó sì wo ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn tí bàbá wọn tàbí bàbá àgbà wọn ṣe ológun. Bí ẹ bá bá irú nǹkan báyìí nínú àpótí lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ má ya àkọ̀ kúrò lára ìwé, fọ́tò àti àmì ẹ̀yẹ tó wà níbẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Bí ẹ bá tú u ká, kò sí ẹni tó lè tún so ó pọ̀ mọ́, orúkọ bàbá á sì di ìtàn tí kò ní ẹlẹ́rìí.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Ohun tí ayédèrú kò bà jẹ́, ìtọ́jú òdì lè bà á jẹ́. Ìṣe wa ni pé ohun tó bá gbẹ, à á fi òróró pa á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òrí, àdí, Vaseline tàbí pólíìṣì bàtà pa àkọ̀ àtijọ́. Òróró á jẹ́ kó ṣú, á jẹ́ kó rọ̀ jù, á máa fa eruku mọ́ra. Bí ó bá sì kan idẹ, á máa yọ ohun aláwọ̀ ewé kan tó ń lẹ̀ bí ìda. Bí ẹ bá ti rí ohun aláwọ̀ ewé yẹn, igi tẹ́ẹ́rẹ́ bí èyí tí a fi ń ta eyín ni kí ẹ fi ha á kúrò jẹ́jẹ́. Ẹ má fi omi wẹ̀ ẹ́.

Àìsàn kan wà tó ń bá awọ jà, tí awọ á máa bu lẹ́búlẹ́bú pupa, tí á máa kun ọwọ́ ẹni bí osùn. Awọ tí wọ́n fi èèpo igi ṣe ló máa ń kọ lù, àgàgà èyí tó ti fara gba èéfín èédú àti gáàsì ìlú ńlá. Afẹ́fẹ́ burúkú yẹn ń di kíkan nínú awọ, á sì máa jẹ ẹ́ láti inú. Láti 1843 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Michael Faraday ti di ẹ̀bi irú ìbàjẹ́ báyìí ru iná gáàsì tí wọ́n ń tàn nínú ilé ẹgbẹ́ kan ní London. Awọ tó bá ti dé ibẹ̀ kò ní padà sí bó ti wà mọ́. Ohun tó kù ni pé kí a má jẹ́ kó burú sí i, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọ. Irú wọn wà ní ìlú Northampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Leather Conservation Centre tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978.

Ní ti ilé, ìwọ̀nba ni awọ fẹ́. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tó bá wà láàárín nǹkan bí 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún dára fún un. Nílẹ̀ wa níbí, òjò á fẹ́ kó hu bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́, ọyẹ́ á fẹ́ kó sán. Nítorí náà, ẹ má dì í sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, ẹ má sì gbé e sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé. Inú páálí tó mọ́, lórí pẹpẹ, jìnnà sí ilẹ̀ àti ògiri tó ń sun omi, ló yẹ ẹ́. Ẹ fi bébà funfun tó rọ̀ sínú rẹ̀ kí ó má baà pẹlẹbẹ. Bí ìdérí bá ti le, ẹ má fi agbára ṣí i. Ibi tó ń ká yẹn ló máa kọ́kọ́ já. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò ti débẹ̀.

Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Nílé àwọn tó ń kó nǹkan wọ̀nyí jọ, àtàkọ̀ àtìbọn ni wọ́n ń ba ara wọn jẹ́. Lílò ni wọ́n ṣe àkọ̀ fún, kì í ṣe ìfipamọ́. Awọ máa ń gba ọ̀rinrin sára, ohun kíkan inú rẹ̀ sì ń mú kí irin dípẹtà. Òróró ara ìbọn náà ń rin awọ, á sì máa jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n láàárín wọn fi ń ya méjèèjì sọ́tọ̀.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Àkọ̀ kì í ṣe ìbọn, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ọn. Ní Nàìjíríà, òfin ohun ìjà ti 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá ra ẹrù àtijọ́ tí ẹ sì bá ìbọn tàbí ọta nínú rẹ̀, ẹ má pa á mọ́, ẹ má sì tà á. Àwọn ọlọ́pàá ni kí ẹ sọ fún. Ẹ má sì gbé àkọ̀ kọ́ ìdí rìn ní ìgboro, nítorí ẹni tó ń ṣọ́nà lóru kò ní dúró béèrè bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Ní Jámánì, àmì ẹgbẹ́ Hitler tó wà lára àwọn ẹrù ogun kan kò ṣe é fi hàn ní gbangba bó ṣe wuni, òfin ìwà ọ̀daràn wọn, abala 86a, ló dè é. Ẹni tó bá ń ṣòwò pẹ̀lú ìlú mìíràn gbọ́dọ̀ mọ òfin ìlú náà kí ó tó rán ẹrù.

OHUN TÓ KÀN WÁ GẸ́GẸ́ BÍ ONÍṢÒWÒ

Ẹ lè ní, àwa tí à ń ta aṣọ, tí à ń ta irin, tí à ń ta ẹ̀rọ àlòkù, kí ló kàn wá nínú àkọ̀ ìbọn? Ó kàn wá o. Gbogbo ohun tí a sọ yìí ló bá ọjà tiwa mu. Ẹni tó ń ta ìrọ̀rí awọ Ọ̀yọ́ àtijọ́, ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ìyá àgbà, ẹni tó ń ta àdìrẹ ayé ọjọ́un, ẹ̀rí kan náà ni wọ́n ń tà.

Àmọ̀ràn wa mẹ́ta nìyí. Àkọ́kọ́, ẹ kọ òtítọ́ sínú rìsíìtì. Bí ohun náà bá jẹ́ tuntun tó jọ àtijọ́, ẹ kọ ọ́ pé tuntun ni. Bí ẹ bá tún un rán, ẹ kọ ọ́ pé ẹ tún un rán, kí ẹ sì kọ ọdún rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, bí ẹ bá ń rà, kí òǹtajà kọ ohun tó fi ẹnu sọ sílẹ̀. Ẹni tó bá lè sọ ọ́ àmọ́ tí kò lè kọ ọ́, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ má yá owó ẹgbẹ́ láti ra ohun àtijọ́ tí ẹ kò ì tíì mọ̀. Owó ẹ̀yáwó ní ọjọ́ tí a ó dá a padà, ohun àtijọ́ kò sì ní ọjọ́ tí ẹni tó máa rà á yóò dé. Owó tí kò sí iṣẹ́ tó ń ṣe ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kékeré ni kí ẹ fi kọ́ ọ, kí ẹ sì mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání lọ sọ́jà.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Nínú òwò ohun àtijọ́, ẹni tí irọ́ náà bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni yóò san gbèsè rẹ̀, kódà bí kì í bá ṣe òun ló kọ́kọ́ pa á. Ẹ má jẹ́ kó bá a lọ́wọ́ yín.